Ọkọ̀ Afẹ̀yìnrìn ní Mount Hope

Láti ọjọ́ tí mo ti padà sí Abẹ́òkúta ni àwọn ènìyàn ti ń dá mi dúró lójú ọ̀nà pé kí n wá ròyìn New York. Wọ́n ń retí ilé tó ga kan sánmà. Wọ́n ń retí ère obìnrin tó gbé iná dúró lójú omi. Ẹ má bínú sí mi. Ó kù díẹ̀ kó pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo lò nílùú náà, inú ọkọ̀ kan tí kò lọ síbì kankan ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìjókòó ọkọ̀ Oldsmobile ṣe rí, kó wá bá mi. Ẹ̀yìn mi ṣì mọ̀ ọ́n.

Ohun méjì ló gbé mi débẹ̀. Ọ̀kan ṣeé sọ fún àwọn aṣọ́bodè. Èkejì kò ṣeé sọ fún ẹnikẹ́ni.

Èyí tó ṣeé sọ ni àpérò. Yunifásítì kan ní Manhattan ló pe àwa tí a ń kọ ẹ̀fẹ̀ sínú ìwé ìròyìn pé kí a wá ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀fẹ̀ fi ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Ènìyàn méje ló jókòó gbọ́ mi, mẹ́ta nínú wọn ló sì ń dúró de ẹni tó máa sọ̀rọ̀ tẹ̀lé mi. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rò pé mo ti sọ gbogbo ohun tó yẹ ní sísọ nípa àpérò náà.

Èyí tí kò ṣeé sọ ni pé Màmá Ìtòkò, ìyá tó bí ìyá mi, ti kú.

Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi

Ọ̀sẹ̀ méjì kí n tó gbéra ni Màmá sùn tí kò jí. Ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, kò sí ẹni tó lè sọ pé ó yá jù. Àkọ́bí rẹ̀ ni Ọ́ńkù Fọlárìn, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, dáwódù ilé wa, tó ti ń gbé ní Bronx, ní New York, láti ìgbà tí mo ti wà nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí nílé, ta ni yóò kọ́kọ́ da erùpẹ̀ sórí ìyá rẹ̀? Àwọn àgbà ẹbí jókòó, wọ́n fi ìsìnkú sí ìparí oṣù. Wọ́n sì fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ fún un.

"A kì í túfọ̀ ìyá fún ọmọ lórí fóònù," ni ọ̀kan nínú àwọn bàbá wí. "Tó bá ṣubú lulẹ̀ lọ́hùn-ún, òyìnbó wo ni yóò gbé e dìde?"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí Ọ́ńkù bá pè láti kí ìyá rẹ̀, ilé wa a di ilé eré. Lọ́sẹ̀ kìíní, Màmá ń sùn. Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀fìnkìn ti gba ohùn Màmá. Ìyá mi, tó jẹ́ ìyá ìjọ, tó máa ń pa tẹlifíṣọ̀n tí òṣèré bá purọ́ nínú rẹ̀, òun ló ń pa irọ́ wọ̀nyí, ohùn rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé mò ń lọ sí New York, wọ́n ní Ọlọ́run ló ṣe é.

"Sọ fún un pé Màmá ń béèrè rẹ̀," ni ìyá mi wí. "Kó tẹ̀lé ẹ bọ̀. Má sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Màmi, irọ́ nìyẹn."

"Kí lo wá ń kọ sínú ìwé ìròyìn látọjọ́ yìí? Ìwọ tó o ti ń purọ́ fún gbogbo Nàìjíríà, ẹnì kan ṣoṣo ní Bronx ló fẹ́ pa ẹ́ lára?"

Ìkíni lẹ́bàá ọ̀nà

Mo dé Mount Hope, àdúgbò Ọ́ńkù ní Bronx, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àwọn ilé bíríkì fara ti ara wọn bí èrò tó há mọ́nú ọkọ̀. Obìnrin kan tó wé gèlè gbé àpò ẹ̀fọ́ kọjá, ó ń fi Haúsá bá fóònù rẹ̀ jà. Fún ìṣẹ́jú kan, mo rò pé wọ́n ti gbé mi padà sílé. Mo ń wá nọ́ńbà ilé Ọ́ńkù kiri nígbà tí ẹnì kan fun fèrè ọkọ̀ lẹ́yìn mi.

Ọ́ńkù Fọlárìn ni. Ó jókòó sínú ọkọ̀ kan tó gùn bí ẹjọ́ ilẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ dàbí ẹ̀dọ̀ màlúù. Ó wọ kóòtù, ó de táì, ó dé fìlà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú bí ẹni tó wà láàárín ọ̀nà márosẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà wà ní pípa.

Mo gbé ẹrù mi kalẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́bàá ọ̀nà, bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Ọ́ńkù kò jáde. Ó yọ orí lójú fèrèsé.

"Dìde, dìde, Láńre. Ajá ti lo ibẹ̀ yẹn láàárọ̀ yìí."

Kí n tó dìde, obìnrin òyìnbó kan ti gbé ẹsẹ̀ rékọjá lórí ẹsẹ̀ mi, ajá rẹ̀ sì gbé tirẹ̀ náà rékọjá. Obìnrin náà ní kí n jọ̀wọ́, kí n má bínú. Ajá kò sọ nǹkan kan. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tí ọkùnrin tó ti ń hu ewú ń fi agbádá ṣe nílẹ̀. Bí ìwà àwọn ará ìlú náà ṣe rí nìyẹn: wọn kì í bínú sí ọ, wọn kì í sì í rí ọ.

"Ọ́ńkù, ẹ jáde kí n lè kí yín dáadáa."

"Mi ò lè jáde. Wọlé. Ilẹ̀kùn iwájú yẹn kò ṣí, gba ẹ̀yìn."

Báyìí ni mo ṣe mọ òfin ìlú náà. Ọkọ̀ ìgbálẹ̀ ìjọba máa ń gba ẹ̀gbẹ́ kan òpópónà náà ní ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀, a sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì. Ọkọ̀ tó bá dí i lọ́nà, ìtanràn ni. Nítorí náà, láàárọ̀ mẹ́rin lọ́sẹ̀, àwọn àgbààgbà ènìyàn a sọ̀kalẹ̀ láti ilé wọn, wọ́n a wọnú ọkọ̀, wọ́n a jókòó. Bí ọkọ̀ ìgbálẹ̀ bá yọ, wọ́n a sún fún un. Bó bá kọjá tán, wọ́n a padà síbi tí wọ́n wà. Wọn kò lọ sí ibi iṣẹ́, wọn kò lọ kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ṣáà ní ọkọ̀ ni.

"Ọdún mélòó lẹ ti ń ṣe èyí?"

"Mọ́kàndínlógún," ni Ọ́ńkù wí. "Wọn ò fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì ìtanràn rí. Ẹyọ kan."

Ó wí i bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ọkọ̀ ìgbálẹ̀ yọ lókè òpópónà, ó ń pariwo bí ilé iṣẹ́ ìlọta. Ọ́ńkù ṣíná ọkọ̀. Ó yí ọrùn, ó kọjú sí èmi tí mo wà lẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ mì, ó húkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Mo ń dúró de ìgbà tí yóò lọ síwájú. Kò lọ síwájú. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fi ẹ̀yìn gbé wa kọjá títì, bí ìjòyè tó ń fi ẹ̀yìn jáde níwájú ọba.

"Gíà iwájú ló ti gbó," ni Ọ́ńkù wí nígbà tó dúró, ó ń tún táì rẹ̀ ṣe. "Ọjọ́ ti pẹ́ lórí ẹ̀. Ti ẹ̀yìn ṣì le koko. Tó bá di ká fi ẹ̀yìn rìn, kò sí ọkọ̀ tó lè bá a ní New York yìí."

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Rafael

Ìyàwó Ọ́ńkù ti lọ sí Texas lọ bá ọmọ wọn tọ́jú ọmọ tuntun. Ọmọ tuntun náà ti ń lọ sílé-ìwé báyìí, ìyàwó kò tíì padà. Mo fura pé ó ti gbọ́ gbogbo ohun tó fẹ́ gbọ́ nípa gíà.

Nítorí náà, ọwọ́ Rafael ni a ti ń jẹun. Aládùúgbò Ọ́ńkù, ará Dominican Republic, ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, irun imú rẹ̀ nípọn bí búrọ́ọ̀ṣì ìfọṣọ. Ẹ̀yìn ọkọ̀ Ọ́ńkù gan-an ni tirẹ̀ máa ń wà, Pontiac kan tó funfun báláú. Bí ọ̀kan bá sún, èkejì a sún. Láàárọ̀ ìgbálẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Rafael a gbé àwo kan wá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tí wọ́n sè tí wọ́n gún, tí wọ́n da àlùbọ́sà sí lórí, pẹ̀lú ẹyin díndín. Ó dàbí iyán tí ẹni tó ń gún un bínú fi ọmọ odó sílẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, mo fi ìka tọ́ ọ wò, mo ṣe bí ẹni tó ti yó. Lọ́jọ́ kẹta, èmi ni mò ń wo fèrèsé pé kí ló dé tí Rafael ò tíì yọ.

Àwọn méjèèjì máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀. Ti Rafael gba ẹnu jáde, ti Ọ́ńkù gba imú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ láti ọdún wọ̀nyí wá.

"Papá, àwọn ọkọ̀ yìí ti kú," ni Rafael máa ń wí. "Tèmi kú, tìrẹ kú."

"Tìrẹ ló kú. Tèmi ń sinmi."

Òótọ́ ni Rafael ń sọ. Ó ti lé ní ogún ọdún tí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe Oldsmobile, irú ọkọ̀ Ọ́ńkù, ti fi òpin sí orúkọ náà. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Pontiac náà tẹ̀lé e. Plymouth ti ṣáájú wọn lọ, Mercury kò sì pẹ́ lẹ́yìn wọn. Orúkọ tó ń mú àwọn bàbá wa dìde lórí àga! Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kan bá wọ àdúgbò, àwọn adìyẹ pàápàá a yà fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wọ́n kú tán, kò sí ẹni tó ránṣẹ́ sí wa. Àmọ́ kí ni wọ́n fẹ́ ránṣẹ́ sọ? Ọkọ̀ tó bá kú ní Amẹ́ríkà, a ó fọ̀ ọ́, a ó kùn ún, a ó pè é ní tòkunbọ̀, a ó sì ṣe ìdúpẹ́ lórí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ wa ni àwọn ọkọ̀ ń pè ní ọ̀run.

Ọ́ńkù kò gbọ́ èyíkéyìí nínú rẹ̀. Ó ní káàdì kan tí wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ sí ní lẹ́tà wúrà, pé òun ni Alága Ẹgbẹ́ Àwọn Oní-Oldsmobile ní Mount Hope. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì ló wà. Rafael ni akọ̀wé. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé Pontiac ló ní, wọ́n gbà á wọlé, torí pé bí kò bá sí i, alága nìkan ni yóò máa dìbò fún ara rẹ̀.

"Gíà ló kù"

Lọ́jọ́ kẹrin tí mo ti wà nínú ọkọ̀ yìí, mo jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán mi.

"Ọ́ńkù, Màmá ń béèrè yín."

"Ṣé ohùn ẹ̀ ti là?"

Mo wo ẹsẹ̀ mi. "Ó ń… ó ń là díẹ̀díẹ̀."

"Ṣeun. Sọ fún un pé gíà ló kù."

Ó wá sọ ohun tí mo ti mọ̀ fún mi. Ìgbà ìkẹyìn tó wálé ni ìgbà ìsìnkú bàbá rẹ̀, ó pé ọdún mọ́kàndínlógún. Ọkọ̀ tó háyà láti Èkó kú ní Láfẹ́nwá. Ó gbé àpótí rẹ̀ lórí, tòun ti kóòtù, ó sì fẹsẹ̀ rìn wọ Ìtòkò. Ràsákì aránṣọ, tí wọ́n jọ dàgbà, tí wọ́n jọ jí máńgòrò, ló kọ́kọ́ rí i. Ràsákì yọ sí ojú ọ̀nà, ó kígbe pé, "Ẹ wá wo Amẹ́ríkà tó fẹsẹ̀ rìn dé!" Gbogbo àdúgbò rẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín.

"Ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún Màmá pé n kò ní fẹsẹ̀ wọ Ìtòkò mọ́," ni Ọ́ńkù wí. "Mo ní ọkọ̀ tara mi, ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ni n ó fi wálé, òun ni n ó sì fi gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì."

"Kí ni Màmá wí?"

"Ó ní kí n wá jẹun."

Bó ṣe padà dé Bronx ló ra Oldsmobile yìí lọ́wọ́ àgbàlagbà kan, nígbà tí orúkọ náà ti kú tán. Òkú ló rà. Ó sì ti ń sin ín láti ìgbà náà, lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ kan títì sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ọ́ńkù, ẹ jẹ́ ká wọ ọkọ̀ òfurufú. Ọkọ̀ a máa bọ̀ lẹ́yìn."

"Kí n tún fẹsẹ̀ wọlé? Kí Ràsákì tún rí mi?"

"Ọ́ńkù, Ràsákì ò ríran dáadáa mọ́."

"Á gbọ́ ẹsẹ̀ mi."

Mo fẹ́ sunkún, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo fẹ́ gbá a létí. Ẹ̀kẹta kò ṣeé ṣe, àgbà ni.

Ọjọ́ Ìsinmi dé, ó pe ilé níwájú mi, ó ṣí ohùn fóònù sókè kí èmi náà lè gbọ́. Ìyá mi ló gbé e. Ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó béèrè òtútù, ó béèrè mi. Lẹ́yìn náà ó ní Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn ni.

"Ẹ má jí i," ni Ọ́ńkù wí jẹ́jẹ́. "Ẹ jẹ́ kó sùn."

Ìyá mi ní iná ti fẹ́ tán lórí fóònù òun.

Ọkùnrin tó ń jẹ búrẹ́dì

Ní Ọjọ́rú, Rafael mú ìròyìn wá pé ọgbà kan wà ní ìpẹ̀kun Bronx lẹ́bàá odò, níbi tí wọ́n ń kó òkú ọkọ̀ jọ sí. Ó ní ẹni tó ni ọgbà náà mọ gbogbo gíà tí wọ́n rọ ní Amẹ́ríkà rí. Inú mi dùn. Bí a bá rí gíà náà, mo lè sọ pé kí a fi í sọ́wọ́ mẹkáníìkì, kí Ọ́ńkù sì tẹ̀lé mi. Ọ́ńkù wọ kóòtù dúdú. Ó mú káàdì alága dání. A wọ ọkọ̀ Rafael, tó lè lọ síwájú, ohun tí Rafael kò jẹ́ kí Ọ́ńkù gbàgbé títí a fi débẹ̀.

Wọ́n to àwọn ọkọ̀ léra bí iṣu. Wọn kò ní táyà, wọn kò ní iná iwájú, koríko gba inú ẹ́ńjìnnì wọn yọ jáde. Mo ka àwọn orúkọ tí mo fi kọ́ ìwé kíkà lẹ́bàá títì nígbà èwe mi. Ọ́ńkù ṣí fìlà.

Ọkùnrin fìrìgbọ̀n kan jáde sí wa, ó mú búrẹ́dì tó gùn tó apá lọ́wọ́, ẹran yọ ní etí rẹ̀. Ọ́ńkù bẹ̀rẹ̀ sí í kí i bí a ṣe ń kí ènìyàn: àárọ̀ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ilé ńkọ́. Ọkùnrin náà ń jẹnu, ó ń wo ẹ̀yìn wa bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀. Nígbà tí Ọ́ńkù fi àwòrán gíà hàn án tó sì na káàdì sí i, kò gba káàdì.

"Ó ti kú," ni ọkùnrin náà wí, búrẹ́dì lẹ́nu. "Wọn ò ṣe é mọ́. Ẹni ìkẹyìn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe níbí, mo lọ síbi ìsìnkú ẹ̀. Bàbá, ọkọ̀ yín ti kú. Ó tún ku kí ni?"

Gbogbo rẹ̀ kò gbà tó ìgé búrẹ́dì méjì.

A dé ojú ọ̀nà ńlá. Lẹ́yìn náà ni Ọ́ńkù yí sí mi, ó ń fi Yorùbá sọ ọ́ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ má baà gbọ́.

"Láńre, ṣé o rí nǹkan?"

"Mo rí i, sà."

"Búrẹ́dì wà lẹ́nu ẹ̀!"

"Ó wà níbẹ̀, sà."

"Àgbà bíi tèmi! Ó dúró, mo dúró. Kò ní kí n jókòó. 'Ó ti kú.' Ó ń jẹnu! Bó bá tiẹ̀ ṣe ajá ló kú, ṣé bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ fún ẹni tó ni ín nìyẹn?"

"Báwo ló ṣe yẹ kó sọ ọ́?" Mo bi í. N kò mọ ìgbà tí ó bọ́ lẹ́nu mi.

"Kí lo wá kọ́ wọn ní yunifásítì yẹn gan-an? Wàá kọ́kọ́ ní kó jókòó. Wàá bi í bóyá ó ti jẹun. Wàá gbé omi fún un. Wàá fi oríkì pè é. Ó tán! O ò ní pe 'kú' rárá. Ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún, ó ti gbọ́."

Rafael béèrè pé kí ló ń sọ. Mo ní ọ̀rọ̀ gíà ni.

Irọ́ mìíràn nìyẹn. Mo fẹ̀yìn ti ìjókòó, inú ń bí mi. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti ń kó ìwà àwọn ará ìlú náà jọ láti wá fi wọ́n ṣẹ̀sín níhìn-ín. Ó dára. Ọkùnrin oníbúrẹ́dì yẹn kò ní ìwà rárá, ó sì sọ òtítọ́. Àwa tí a ní ìwà, odindi ẹbí tòun ti ìyá ìjọ, a ti ń dá ọmọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ikú ìyá rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, a sì ń pe tiwa ní àpọ́nlé. Inú bí mi sí oníbúrẹ́dì, inú bí mi sí ẹbí, inú wá bí mi jù lọ sí ara mi, èmi tí wọ́n ránṣẹ́ pè láti òkèèrè pé kí n wá kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ.

Omi

Ní Ọjọ́bọ̀, Ọ́ńkù sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí ọkọ̀ rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Mo dúró nínú ilé ìdáná rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà, mo bu omi sínú ife, mo fi àwo pẹlẹbẹ dé e, mo sì ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan kó má baà dànù.

Ilẹ̀kùn iwájú ẹ̀gbẹ́ kejì kò ṣí, mo sì mọ̀ pé n kò lè sọ ọ́ láti ẹ̀yìn. Mo kan fèrèsé rẹ̀.

"Ọ́ńkù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún fún mi."

Ìjókòó iwájú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gùn láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn bí àga ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sún. Mo jókòó sídìí sítíárìn.

"Ẹ ti jẹun, sà?"

"Rafael ò tíì dé. Kí ló…"

Mo gbé omi fún un. Ó gbà á, torí pé a kì í kọ omi. Ó ṣí àwo orí rẹ̀. Ó wo omi náà, ó wò mí.

"Láńre."

"Àkànní," mo ní.

N kò tó ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti lọ, ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ó mu omi náà, kò sinmi títí ó fi tán. Ó dá ife padà sí mi lọ́wọ́. Ó wá ń wo iwájú, ibi tí ọkọ̀ náà kò lè lọ.

"Ojú oorun ni?"

"Ojú oorun ni, sà."

"Ṣé ó jẹun kó tó sùn?"

"Ó jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ó ní mọ́ínmọ́ín ò níyọ̀."

"Ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀," ni Ọ́ńkù wí. Ó fi fìlà bojú.

Ọkọ̀ ìgbálẹ̀ yọ. Gbogbo ọkọ̀ iwájú wa sún, gbogbo ọkọ̀ ẹ̀yìn wa sún. Wọ́n fun fèrè fún wa, wọ́n tún fun ún. Rafael, tó ti sún Pontiac rẹ̀, sáré dé, àwo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́, ó ń lu gíláàsì. "Papá! Wọ́n ti dé! Papá!" Ó wo inú ọkọ̀. Ó rí fìlà lójú Ọ́ńkù, ó rí ife lọ́wọ́ mi. Ó gbé àwo náà lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì ṣí fìlà tirẹ̀. Bóyá ìwà wà níbẹ̀, bóyá èmi ni n kò wá a débi tó wà.

Ọkọ̀ ìgbálẹ̀ yí wa ká, ó lọ. Ó fi ìdọ̀tí sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí gígùn Oldsmobile kan. Lẹ́yìn rẹ̀ ni obìnrin ìjọba dé, ó tẹ nǹkan sínú ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi tíkẹ́ẹ̀tì há abẹ́ ọ̀pá tó ń nu òjò. Ọ́ńkù jáde fúnra rẹ̀ lọ mú un. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ síbí," ó ní. "Oldsmobile. Ìjọba ṣì mọ̀ ọ́n."

Ó ṣẹ́ ẹ po, ó tì í bọ àpò àyà. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó fi lé Rafael lọ́wọ́, ó sì ní kí n wá bá òun di ẹrù.

Ìtòkò

Ọkọ̀ tí a háyà láti Èkó kò kú lọ́nà. Nígbà tí a dé ìta Ìtòkò, Ọ́ńkù ní kí ó dúró. Ó sọ̀kalẹ̀. Ó ní kí awakọ̀ máa gbé ẹrù lọ sílé. Òun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn.

Mo tẹ̀lé e lẹ́yìn. Ràsákì aránṣọ jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, okùn ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀, gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ náà lóòótọ́.

"Amẹ́ríkà!" ó kígbe. "O tún fẹsẹ̀ rìn dé? Ọkọ̀ ọ̀hún dà?"

Ojú tì mí, bí ẹni pé èmi ló bá wí. Ọ́ńkù dúró. Lẹ́yìn náà ó yà wọ ìdí ṣọ́ọ̀bù náà, ó fa àga kan, ó sì gbé e sọ́dọ̀ Ràsákì tó ti dìde láti fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Jókòó, Ràsákì."

Ràsákì jókòó.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹ… kí ló dé?"

Ọ́ńkù bu omi nínú ìkòkò ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó sì gbé e fún un ní ọwọ́ méjèèjì. Ràsákì gba omi. Ó wò mí. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, láti bàtà dé fìlà. Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ó mu omi náà tán, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nù ún.

"O kú ìrójú, Fọlárìn," ó ní. "Ọkọ̀ ńlá ni."

Kò rí ọkọ̀ náà rí. Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó sì bá a fẹsẹ̀ rìn wọ ilé.